AI ọ́fíìsì yín mọ iye tí ọ̀gá ń san fún olúkúlùkù. Ta ló fún un láṣẹ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo mọ iye tí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ń san fún gbogbo àwa tí à ń bá wọn túmọ̀ èdè. Mi ò jalè o. Mi ò já páásíwọ̀ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan péré ni mo bi AI tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọ́fíìsì náà: ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń sanwó fún àwa tí a kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn pátápátá? Ẹ̀rọ dáhùn pé ọjọ́ 28 oṣù ni. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó ní òun rí ìwé kan tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì pàtẹ rẹ̀ síwájú mi bí ẹni pàtẹ ẹja: orúkọ, èdè, iye tí wọ́n ń san lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́fà ni wá. Èmi ni mo ṣìkejì láti ìsàlẹ̀. 15 náírà ni tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí à jọ ń ṣe Yorùbá, tí mo máa ń bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà míì, 30 náírà ni wọ́n ń san fún un. Ṣé ẹ ṣì ń béèrè bóyá inú bí mi?

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé yẹn tó mú kí ìbínú mi rọlẹ̀. Níwájú orúkọ ọmọbìnrin kan, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe Haúsá fún wọn, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: yóò bímọ ní oṣù keje, ẹ má fún un níṣẹ́ tó gùn. Ọmọbìnrin náà ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Èmi tí a kàn máa ń kí ara wa lórí WhatsApp ni AI wá sọ fún.

Ìwé kan ṣoṣo ló gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì dání. Ọ̀kan jẹ́ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Èkejì ò kàn mí rárá, kò sì yẹ kó dé ojú mi láéláé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, mi ò sì ní sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lè ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì èyíkéyìí tí ẹ bá ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo sọ ọ́ fún ló kọ́kọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti hack wọn nìyẹn." Rárá o. Ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn kankan.

Ẹ wo Microsoft 365 Copilot, ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ jù. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, 30 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ó lè ka ímeèlì yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ lórí Teams, àti àwọn fáìlì ilé iṣẹ́ yín nínú SharePoint àti OneDrive, kó wá fi wọ́n dáhùn ìbéèrè. Microsoft kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ohun tí ẹni tó béèrè bá ti ní àṣẹ láti rí nìkan ni Copilot máa fi hàn án. Mi ò rí irọ́ nínú ìlérí yẹn. Inú ìlérí yẹn gan-an ni wàhálà ń gbé.

Ìdí ni pé ohun tí a ní àṣẹ láti rí àti ohun tí a mọ̀ pé ó wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kan wà nínú SharePoint tó ń jẹ́ "Everyone except external users". Bí ẹni tó ń kánjú bá yan ẹgbẹ́ yẹn nígbà tó fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rí fáìlì, gbogbo ẹni tó bá ní àkáǹtì ilé iṣẹ́ ló ti ṣí i fún. Fáìlì náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà láìsí ẹni tó máa kàn án, torí ta ló fẹ́ mọ̀ pé ó wà nínú fódà kan tó wà nínú fódà kan tí wọ́n pè ní "Tuntun 2"? Àìmọ̀nà ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wá fáìlì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba rí máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó débẹ̀ láàárọ̀, akọ̀wé á ní fáìlì yín ò sí. Ẹ ó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i rìnrìn àjò. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá "ṣe dáadáa" fún ẹni tó wà nídìí káńtà, fáìlì á ṣàdédé yọ jáde lábẹ́ tábìlì. Ìyà gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn náà ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà níbẹ̀, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá rò ó pé wọ́n gba akọ̀wé tuntun kan tó mọ ibi tí gbogbo ìwé wà, tí kì í gba rìbá, tí kì í sùn, tí inú rẹ̀ sì máa ń dùn láti dáhùn ju bí ẹ ṣe béèrè lọ. AI nìyẹn.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ilé iṣẹ́ yẹn ti lanu tipẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú wọn, wọ́n fún mi ní ímeèlì ilé iṣẹ́ kó lè rọrùn láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Láti ọjọ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà ti ń kà mí sí ọmọ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ò kà mí sí i. Ẹni tó ṣe ìwé owó iṣẹ́ yẹn fún "gbogbo ọmọ ilé" ò rántí mi rárá.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, kò le láti yé ni. Wọ́n á gé ìwé kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, bí ẹni ń gé ẹran fún ọbẹ̀, ìpínrọ̀ kan síbí, ìpínrọ̀ kan sọ́hùn-ún. Wọ́n á sọ ègé kọ̀ọ̀kan di òǹkà gígùn kan tó dúró fún ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè nǹkan, wọ́n á sọ ìbéèrè yín náà di òǹkà, wọ́n á wá àwọn ègé tí òǹkà wọn sún mọ́ tiyín jù, wọ́n á kó wọn fún AI, òun á wá fi wọ́n hun ìdáhùn. Ìgbà tí wọ́n ń gé ìwé yẹn gan-an ni nǹkan ti lè bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ pé ọ̀gá mẹ́ta péré ló gbọ́dọ̀ rí fáìlì kan, ṣé ègé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé lára rẹ̀ ló gbé òfin yẹn dání? Bí wọ́n bá yọ ẹnì kan kúrò ní ẹ̀ka owó lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ẹ̀rọ ti mọ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, àbí àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá ló ṣì ń wò?

Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣe èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ìwé ilé iṣẹ́ kọ́ AI fúnra rẹ̀, kó wọ̀ ọ́ lórí. Ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ lórí báyẹn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé lágbájá lè gbọ́, tàmẹ̀dò ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó sàn kí ìwé wà nínú àpótí tí èèyàn lè tì, kí ẹ̀rọ máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n bá rán an.

Ẹ ó wá béèrè pé kọ́kọ́rọ́ ta ló mú dání nígbà tó ń lọ yẹ àpótí wò. Bí mo bá rán ọmọ níṣẹ́ sí yàrá, kọ́kọ́rọ́ tèmi ló yẹ kó mú lọ, kó lè jẹ́ pé ibi tí èmi fúnra mi lè wọ̀ nìkan ni òun náà máa wọ̀. Àwọn kan ń gbé kọ́kọ́rọ́ onílé fún AI, èyí tó ń ṣí gbogbo yàrá, wọ́n á wá kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ohun tó bá rí fún àlejò. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àwọn míì á jẹ́ kó wá gbogbo ilé ná, kó mú ègé 10 tó bá ìbéèrè mu jù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ èyí tí olùbéèrè ò gbọdọ̀ rí kúrò. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, àṣírí ò ní jò. Ṣùgbọ́n bí 9 nínú 10 yẹn bá jẹ́ ti ọ̀gá, ègé kan ló kù. Orí ègé kan yẹn ni AI máa gbé ìdáhùn lé, á sì fọkàn balẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ka gbogbo rẹ̀. Èyí tó dáa jù ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín ohun tí àṣẹ yín dé nìkan ni kó ti máa wá a. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dà bíi kíláàsì. Mo fẹ́ kó yé wa ni, torí nǹkan yìí kan náà ló tún padà wá jẹ mí níyà.

Mo sọ ohun tí mo rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ojú tì í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí MD gbọ́." Mo fún un lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ti gbogbo nǹkan pa. Fódà mẹ́ta péré ni AI lè kà mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ẹ farabalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fún mi níṣẹ́ oníbàárà kan tó ń ta ohun mímu. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìwé kan tó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí a lò fún ọjà rẹ̀ àti èyí tí kò fẹ́. Mo béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ AI. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi, mo dúpẹ́, mo jókòó, mo túmọ̀ iṣẹ́ 22, ti rédíò àti ti pátákó ìpolówó. Ìwé ọdún 2021 ni. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ padà, àmọ́ inú ọ̀kan nínú àwọn fódà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì ni èyí tuntun wà. Gbogbo 22 ni mo tún ṣe, òru méjì gbáko, láìgba kọ́bọ̀. AI ò purọ́ fún mi. Ohun tó rí ló sọ. Kò kàn sọ pé ohun tó rí ti gbó.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe, àwọn tó jù ú lọ náà ti ṣe é. Nígbà tí igbe pọ̀ pé Copilot ń hú nǹkan jáde, Microsoft gbé ohun kan jáde lọ́dún 2024 tí wọ́n pè ní Restricted SharePoint Search. Ilé iṣẹ́ á to ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀rọ lè wá nǹkan sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá lè ní irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Microsoft fúnra wọn sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, kí èèyàn fi ráyè tún ilé ṣe. Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà náà ní kí òṣìṣẹ́ wọn má lo Copilot mọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024, torí ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ inú ilé lè bọ́ síbi tí wọn ò fọwọ́ sí. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Mike Johnson tó jẹ́ olórí ilé náà kéde pé wọ́n ti fẹ́ máa lò ó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wá ìwé bíi tàtijọ́ mọ́.

Ó ku ibi tó le jù sí mi láti dá lẹ́jọ́. Bí AI bá mọ̀ pé ìwé kan wà tí olùbéèrè ò gbọdọ̀ rí, kí ló yẹ kó sọ?

Ẹ ó ní kó kàn sòótọ́: "Ìwé wà, ẹ ò lè rí i ni." Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ béèrè pé, ṣé wọ́n fẹ́ lé òṣìṣẹ́ kúrò ní oṣù kìíní? Ẹ̀rọ ní, "Mo rí ìwé mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní àṣẹ láti rí wọn." Ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín nìyẹn o, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ míì. Kódà bí kò bá sí ìwé kankan tó tì, AI lè so nǹkan wẹ́wẹ́ tó ṣí sílẹ̀ pọ̀: ọ̀gá òṣìṣẹ́ fẹ́ rí lọ́yà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti gba yàrá ìpàdé fún odindi ọjọ́ kan, wọ́n ti dá ìgbanisíṣẹ́ dúró. Kò sí àṣírí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ wò ó.

Nítorí náà, èmi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ̀rọ máa sọ ohun tí kò lè fi hàn. Ohun tí mo fẹ́ ni kó máa sọ nǹkan tó pọ̀ sí i nípa ohun tó fi hàn: ìwé wo lo kà, ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́, ẹ̀ka wo ló ni ín, ta ni kí n bi bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yí padà. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ti kọ "2021" sábẹ́ ìdáhùn tó fún mi ni, òru méjì mi ì bá má ṣòfò. Kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ewu kan kí n tó kúrò níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ohun tí a lè fi odindi ọjọ́ kan sọ. Ọmọ tí ẹ rán níṣẹ́ lè gba iṣẹ́ míì lọ́wọ́ àjèjì lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn olùṣèwádìí PromptArmor fi hàn pé ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtàn nínú sí gbàgede Slack lè tan AI ibẹ̀ láti gbé àṣírí inú yàrá àdáni jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Aim Security tún sọ nípa irú ẹ̀ nínú Copilot, èyí tí wọ́n pè ní EchoLeak: ímeèlì lásán ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò ní tẹ nǹkan kan, àmọ́ AI máa ka àṣẹ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Microsoft ti dí ihò yẹn, wọ́n sì ní kò ṣe oníbàárà àwọn kankan ní jàǹbá. Àṣẹ olùbéèrè lè pé pérépéré, kí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún un tún jẹ́ ọ̀dọ̀.

Òfin wa ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ènìyàn fún ìdí kan, ẹ ò gbọdọ̀ máa lò ó fún ìdí míì tí kò bá a mu, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbà ju èyí tẹ́ ẹ nílò lọ. Ó ya ọ̀rọ̀ ìlera sọ́tọ̀ pé ó nílò ìṣọ́ra tó ju tàwọn yòókù. Bí àṣírí bá jò lọ́nà tó lè pa onítọ̀hún lára, ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ NDPC. Fún àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Oyún, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Kí ló gbé e dé inú ìwé owó iṣẹ́? Kí ẹnikẹ́ni tó ra AI kankan, àṣìṣe ti wà níbẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ NIN náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà péré. NIMC ní ẹnikẹ́ni ò wọ ibi tí àwọn ń kó ìwífún sí. Ìdáhùn "ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀" yìí kì í tù mí nínú mọ́. Ní Ìkẹjà náà, ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀.

Ẹ má wá rò pé mo wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n ti gbogbo nǹkan pa. Akọ̀ròyìn ni mí. Láti ọdún 2011 tí òfin òmìnira ìròyìn ti wà, mo ti kọ lẹ́tà tí mi ò lè kà tán, tí mò ń ka ọjọ́ méje tí òfin fún wọn láti fèsì, tí ọjọ́ méje di oṣù méje. Mo mọ ẹni tí ilẹ̀kùn títì máa ń ṣe láǹfààní. Owó iṣẹ́ wa yẹn, èmi gbà pé ó yẹ kó ṣí sílẹ̀ fún àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀gá nìkan ni àìmọ̀ wa ń pa owó fún. Àmọ́ o, ọ̀rẹ́ mi tó ń gba 30 náírà lè ní tiẹ̀ láti sọ, torí kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ kí n mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ibi tí owó ń gbà lọ. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 40, bó bá jẹ́ 30 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 1,200 dọ́là ló ń san lóṣooṣù. Wọ́n á san án, wọ́n á tún ya fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sórí LinkedIn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó jókòó ti fódà wọn, kó máa béèrè pé: kí ló wà nínú èyí, ta ló ni ín, ta ló nílò rẹ̀, kí ló yẹ ká yọ kúrò nínú ẹ̀? Wọ́n á ní kò sówó. Ẹ̀rọ wà tó lè bá yín tọ́ka sí fáìlì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí èyí tó máa mọ̀ pé iye owó iṣẹ́ lè dúró níbí, kí ọ̀rọ̀ oyún ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ènìyàn ló máa mọ̀ ọ́n, tó bá jókòó tì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú AI bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ tẹ orúkọ ara yín sí i lọ́la, ẹ wo ohun tó máa jáde. Bó bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn ló jáde, ẹ dákun, ẹ má ya á sórí gúrúùpù WhatsApp. Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó o.

Èmi náà ò mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo lo ohun tí mo rí. Nígbà tí iṣẹ́ míì dé, mo ní 25 náírà ni mo máa gbà, mi ò sì sọ ìdí tó fi dá mi lójú pé wọ́n lè san án. Wọ́n san án.

Ó wá ku ọmọbìnrin Ìlọrin yẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè pè é. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?" Kò bi mí nípa AI rárá. Mo ní mi ò mọ̀, ìwé náà ò sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí Google Drive tèmi. Mo ti ń gbọ́ nípa irú nǹkan yìí. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, OpenAI yọ ohun tó ń jẹ́ kí Google lè rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn bá ChatGPT sọ, nígbà tó hàn pé ọ̀pọ̀ tó fàyè gbà á ò mọ bí ó ṣe máa jìn tó. Mo ti rẹ́rìn-ín wọn nígbà yẹn. Láàárín fáìlì mi, mo rí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí mo ṣe lọ́dún 2019 pẹ̀lú obìnrin kan tó fẹjọ́ onílé rẹ̀ sùn mí, tó ní kí n má jẹ́ kí orúkọ òun hàn. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àdúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì rẹ̀ lè ṣí i. Olóòtú tí mo fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, mi ò mọ ẹni tó ń lo ímeèlì rẹ̀ báyìí.

Mo ti tì í. Mo ti pe obìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àná, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́.